Kòtò Tí Bàbá Mi Gbẹ́ Kan Iyanrìn

Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú báyìí, inú mi á ti bàjẹ́ kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó kan páànù. Àwọn ará ilé mi ti mọ̀. Wọn kì í bá mi sọ̀rọ̀ títí òjò á fi dá. Àwọn èèyàn ń sọ pé ìbùkún ni òjò, wọ́n á tẹ́ ọwọ́, wọ́n á ṣàdúrà, èmi náà á sì ṣe àmín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni. Òjò ti gba nǹkan lọ́wọ́ mi, èyí tó sì burú jù níbẹ̀ ni pé èmi gan-an ni mo ṣílẹ̀kùn fún un.

Bẹ́ẹ̀ eré ni òjò jẹ́ fún wa nígbà tí mo wà ní kékeré ní Àtìkòrí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Bó bá ti dá, gbogbo àwa ọmọ ilé á sáré jáde lọ wo kòtò. Iwájú ilé wa ni kòtò náà wà, láàárín ilé àti títì. Ó fẹ̀ tó yàrá kan, ó sì jìn débi pé a kò gbọdọ̀ sún mọ́ etí rẹ̀ bí kò bá sí àgbà nítòsí. Bíríkìlà ni bàbá mi. Láyé ìgbà tí sìmẹ́ǹtì ṣì jẹ́ nǹkan olówó, amọ̀ ló fi ń mọlé fún àwọn èèyàn, amọ̀ náà ló sì fi mọ tiwa. Inú kòtò yẹn ló ti wa á. Kò sí ilé alámọ̀ tí kò ní kòtò tirẹ̀ ní àdúgbò wa nígbà náà. Nígbà tí ilé parí, àwọn yòókù sọ tiwọn di ààtàn. Bàbá mi ní tirẹ̀ kò yéé gbẹ́. Ó gbẹ́ kọjá ilẹ̀pa, ó gbẹ́ kọjá amọ̀, ó ń gbẹ́ ẹ lọ títí ó fi kan iyanrìn, ibẹ̀ ló tó dúró. Wọ́n ní àwọn ará àdúgbò rò pé kàǹga ló ń wá tí kò rí, wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọjọ́ pípẹ́.

"Amọ̀ kì í mu omi," ló máa ń wí fún wa. "Iyanrìn ló ń mu ún."

Ó la ojú ọ̀nà tóóró sí ilẹ̀ ọgbà, omi òrùlé, omi ọgbà àti àgbàrá tó ń bọ̀ láti òkè àdúgbò, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà wọ inú kòtò. Ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ yí i ká. Òjò ńlá á rọ̀, kòtò á kún dé ẹnu, ọ̀pọ̀lọ́ á máa ké. Lọ́jọ́ kejì omi á ti lọ sílẹ̀ dé ìdajì. Lọ́jọ́ kẹta, ẹrẹ̀ nìkan la máa bá. Bàbá mi á dúró létí rẹ̀, á ká ọwọ́ sẹ́yìn, á ní, "Ó ti mu ún," bí ẹni tó gbé oúnjẹ fún àlejò tí àlejò sì jẹ ẹ́ tán. Omi kò wọ ilé wa rí, kò sì wọ ilé tó wà nísàlẹ̀ tiwa. Kò sí èyí tó wá sọ́kàn nínú àwa ọmọ pé iṣẹ́ ẹnì kan ni.

Iṣẹ́ sì ni. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti dé tí kòtò gbẹ, bàbá mi á fi àkàsọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́, á máa họ ìdí rẹ̀. Òjò máa ń kó ẹrẹ̀ wá, ẹrẹ̀ náà á sì lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ bí èépá ìdí ìkòkò. Bí a kò bá họ ọ́ kúrò, kòtò kò ní lè mu omi lọ́dún tó ń bọ̀. Àwa ọmọ là ń fi garawa fa ẹrẹ̀ náà jáde, a ó dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo kórìíra iṣẹ́ yẹn bí ẹni kórìíra egbò. Ó ń rùn, ó ń há sí mi léèékánná, ọjọ́ Sátidé tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń dirun ló sì máa ń bọ́ sí.

Ọmọ Mákùn-Omi ni màmá mi, lọ́hùn-ún ní etí omi. Ẹ̀rù omi kì í bà á, ṣùgbọ́n ti ọ̀dọ̀ wa yà á lẹ́nu nígbà tó kọ́kọ́ dé ilé ọkọ. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, omi kì í rìn. Ibi tó bá jókòó sí ló ń jókòó sí, èèyàn ló ń kọ́lé ga fún un. Omi tiwa ní tirẹ̀ ń rìn, ó ń ti òkè bọ̀ tòun tẹrù lórí. "Ẹni tó bá ru ẹrù wá láti ọ̀nà jíjìn," ló máa ń wí, "ẹ jẹ́ kó rí ibi sọ ọ́ sí." Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, á ní òun ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí òun tó fẹ́ ẹ, òun kàn ń wá ẹni tó máa bá òun sọ ọ́ síta ni.

Mo dàgbà, mo kàwé, mo di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ, kí ẹ lè rí irú èèyàn tí mo jẹ́. Jọ́gíráfì ni. Ọdọọdún ni mò ń ya òjò sójú pátákó, tí mò ń ya ọfà tó ń lọ sísàlẹ̀, tí mò ń sọ fún àwọn ọmọ pé ilẹ̀ ló ń gba omi. Máàkì ni mò ń fún ẹni tó bá ya ọfà náà dáadáa. Bí mo bá wá dé ilé ní Àtìkòrí, kòtò bàbá mi á máa tì mí lójú. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan bá mi délé, ó wo kòtò náà, ó ní ṣé ibẹ̀ ni ẹ ń da ìdọ̀tí sí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá mi jókòó sí fàráńdà, ó gbọ́ mi. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, èmi fi júwe rẹ̀ lójú baba náà.

Ìparí ọyẹ́ ni ó kú. Ó ti họ kòtò lọ́dún náà, òun nìkan, nítorí kò sí ọmọ tó kù nílé tó lè fa garawa fún un. Kó tó kú, ohun méjì ló sọ. Ó ní kí a sin òun sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yàrá màmá mi. Ó sì ní kí a má da sìmẹ́ǹtì lé òun lórí, pé erùpẹ̀ tó Mùsùlùmí. A sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n tó kí ìrun Aláásárì. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ń da erùpẹ̀ bò ó, màmá mi yọrí lójú fèrèsé, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀ tó wà lápá ọ̀tún sàréè náà. "Ẹ fi ibẹ̀ un sílẹ̀ o," ó ní. "Èmi ló ni ín." Gbogbo wa ṣèlérí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti èmi la wá jókòó lórí ètò àdúrà ogójì ọjọ́. Kí n má purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, èmi ni mo kọ́kọ́ dárúkọ kòtò. Mo ní àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ń bọ̀, àwọn ààfáà ń bọ̀, níbo ni wọ́n máa jókòó sí? Ṣé etí kòtò tí ọ̀pọ̀lọ́ ti ń ké ni a máa ta kánópì sí? Ẹ̀gbọ́n mi ti ní i lọ́kàn tipẹ́ láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù síwájú títì. Ọ̀rọ̀ wa bá ara mu lọ́jọ́ yẹn bí ó ṣe ṣọ̀wọ́n láti bá ara mu. A gé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mọ́tò kó ilẹ̀pa wá láti ọ̀nà Àwà, ó dà á sínú kòtò títí ó fi kún, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà a da kọnkéré sí ọgbà láti ìdí ògiri títí dé gééètì. Sàréè nìkan la yọ sílẹ̀, tó fẹ̀ tó ẹní ìkírun, nítorí ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ. Ìyẹn dùn mọ́ wa gan-an. A ń fi han àwọn àlejò, pé ẹ wò ó, bó ṣe fẹ́ ẹ la ṣe é. Kò sẹ́ni tó rántí apá ọ̀tún sàréè náà. Kọnkéré ti bò ó.

Màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí mọ́tò àkọ́kọ́ dé. Ó pè mí.

"Ọma mi, níbo lomi á wá sọ ẹrù ẹ̀ sí?"

"Màámi, gọ́tà wà níta," mo dá a lóhùn.

Gọ́tà wà níta lóòótọ́. Ilé kẹta sí tiwa ló parí sí. Ẹni tó ń gbẹ́ ẹ ti lọ láti ọjọ́ yìí, kò sì padà wá.

Àdúrà ogójì ọjọ́ dára, mi ò lè sọ pé kò dára. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó sì gba ọgbà wa já wọ ilé tó wà nísàlẹ̀ tiwa, ó kó ẹrẹ̀ wọ pálọ̀ wọn. Onílé náà wá bá wa. Ó dọ̀bálẹ̀ fún màmá mi, ó kí wa dáadáa, ó ní òun kò bá wa jà, àmọ́ òun á mọ bíríkì dí ẹnu ààlà. Ó mọ ọ́n. Òjò kejì rọ̀ ní àárọ̀ Sátidé kan tí mo wà nílé, mo sì dúró sí fàráńdà, mò ń wò ó. Omi ti òkè dé, ó rin orí kọnkéré lọ, ó kan bíríkì onílé ìsàlẹ̀, ó padà. Ó yí ọgbà ká, ó ń wá ibi tó máa wọ̀. Nínú gbogbo ọgbà yẹn, erùpẹ̀ kan ṣoṣo ló kù, orí bàbá mi ló sì wà.

Mo rí i bí omi ṣe pé jọ sí i. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ bó ṣe ń wọlẹ̀, tó ń tú fòó-fòó sókè. Nígbà tí òjò fi máa dá, omi ti tán pátápátá, sàréè sì ti rì tó orókún mi. Mo fi igbe ta. Màmá mi kò ké. Ó jáde pẹ̀lú ìbòrí rẹ̀ lórí, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbo erùpẹ̀ etí sàréè náà. "Ó ti mu ún," ó ní, bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Mi ò mọ ibi tí mo lè kọjú sí.

A kó erùpẹ̀ kún un. Òjò mìíràn rọ̀, ó tún rì. A tún kún un. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é ní gbogbo ìgbà òjò yẹn, tó fi di pé bí mo bá ti rí ìkùukùu lórí Àgọ́-Ìwòyè, màá fi àwọn ọmọ kíláàsì sílẹ̀ níwájú pátákó, màá lọ dúró sójú fèrèsé. Mo pe ààfáà wá wò ó. Ó ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí a máa kún sàréè tó bá rì. Mo bi í pé omi ńkọ́. Ó wo kọnkéré, ó wo mí. "Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààfáà," ó ní. "Ọ̀rọ̀ onílé ni." Àgbàrá òjò kò lóun ò ní í wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Àtikékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn. Mi ò rò ó rí pé onílé lè fún un láyè, kó tún ta kánópì lé e.

Mo ní n máa tún un ṣe. Mo pe bàbá kan tó ń gbẹ́ kàǹga, mo ní kó bá mi gbẹ́ kòtò sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, kí a la ojú ọ̀nà omi síbẹ̀. Ó fọ́ kọnkéré, ó gbẹ́ ẹ dé àyà ara rẹ̀. Ó ń yọ amọ̀, amọ̀ funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Mo ní ó tó. Òjò rọ̀, kòtò tuntun kún, inú mi dùn. Lọ́jọ́ kejì ó ṣì kún. Lọ́jọ́ kẹta, bákan náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, omi náà ti pupa bíi tíì, ẹ̀fọn ti ń yé sí i, kò sì dín ìka kan. Orí amọ̀ ni mo ti dúró. Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi sọ fún mi ní ìgbà tí mi ò lè kà tán, mo gbàgbé rẹ̀ pátápátá, èmi tí mò ń fún ọmọ ọlọ́mọ ní máàkì.

Mo sáré pe agbẹ́kàǹga náà padà, pé kó máa gbẹ́ ẹ lọ títí tó fi máa kan iyanrìn. Dígà rẹ̀ bá àpáta kó tó jìn síwájú. Màmá mi jókòó sórí àpótí, ó ń wò wá.

"Bàbá wẹ ti gbẹ́ ibẹ̀ un rí," ó ní. "Kó tó gbẹ́ ti iwájú ulé. Àpáta ló bá. Ibi mẹ́ta ló gbẹ́ kó tó rí iyanrìn un."

"Màámi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"O ò bi mí."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bínú.

Iyanrìn náà wà nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́ sórí kòtò bàbá lẹ́yìn àdúrà. Mẹ́ta ni ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n ti parí, àwọn èèyàn ti wà nínú wọn. Aránṣọ kan ló wà ní àárín, ó ní ọmọ méjì. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fọ́ ti àárín yìí nìkan." Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ó ní ṣé kòtò ni kí òun fi lé èèyàn jáde? Ó ní ta ni ó ní ká dí i? Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Sàréè tó ń rì yẹn ń dùn ún ju bó ṣe ń dùn mí lọ, òun kàn jẹ́ ẹni tí kò lè wo nǹkan tó bàjẹ́ kó má fi sìmẹ́ǹtì bò ó, ọmọ bíríkìlà ni. Ó ní ohun tó máa tán ọ̀rọ̀ yẹn kò ju ìdajì ọjọ́ lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe é. Ó ní òun ti gbọ́.

Mo wà ní kíláàsì ní Àgọ́-Ìwòyè ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí fóònù mi dún. Fọ́tò ló fi ránṣẹ́ sí mi. Ó ti da kọnkéré bo sàréè, ó ti lẹ táìlì funfun sórí rẹ̀, ó sì mọ́ tónítóní. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ó ti parí." Mo ka ọ̀rọ̀ náà títí ojú mi fi ṣú.

Òjò tó rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn kò pọ̀ tó ti ìṣáájú. Ó dé, ó yí ọgbà ká, kò bá erùpẹ̀ kankan. Ó dúró sídìí ògiri yàrá màmá mi, ògiri amọ̀ tí a rẹ́ sìmẹ́ǹtì sí lójú, ó ń jẹ ògiri náà láti ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nìyẹn, tí òjò mìíràn ń rọ̀ lé e. Ọ̀sán gangan ni ògiri náà wó. Pálọ̀ ni màmá mi wà, ó ń ṣa ẹ̀wà, nǹkan kan kò ṣe é, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìta ni ògiri náà wó sí. Nígbà tí mo dé, mi ò rí táìlì funfun mọ́. Amọ̀ tí bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ló wó lù ú. Láti ẹnu gééètì, ẹnikẹ́ni lè rí bẹ́ẹ̀dì màmá mi àti ìborùn rẹ̀ tó kọ́ sára ìṣó.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ká ọwọ́ lérí. Ó ní, "Èmi ni." Mo ní, "Rárá, Bọ̀ọ̀dá, èmi ni." A sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí ara wa nígbà bíi mélòó kan, ẹkún sì gbọ̀n wá. Nígbà tí a sọ ọ́ tán, ògiri ṣì wà nílẹ̀.

Ọ̀dọ̀ mi ni màmá mi wà báyìí, ní Àgọ́-Ìwòyè. Yàrá méjì ni mo háyà, gbogbo ọgbà ibẹ̀ ni wọ́n ti fi bíríkì kéékèèké tẹ́ pa, koríko kò lè yọrí. Kò ráhùn. Ó ń jẹun, ó ń kírun, ó ń bá àwọn ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní yàrá tó kangun sí tiwa ṣàwàdà. Mo ti ń rò ó pé ó ti gbé e kúrò lọ́kàn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án. Ó ní kí n gbé àga òun sí fàráńdà. A jókòó, à ń wo omi bó ṣe ń sáré kọjá lórí bíríkì lọ sí ẹnu gééètì, ó pupa, ó ń kó ọ̀rá lọ.

"Ibi tí mo ní kí ẹ fi sílẹ̀ fún mi un, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wẹ. Kọnkéré ló wà níbẹ̀, àbí?"

"A lè fọ́ ọ, Màámi. Kò le rárá. Màá pe àwọn tó máa fọ́ ọ."

"Ẹ má fọ́ ọ." Ó mi orí. "Bí mo bá kú, ẹ gbé mi lọ sí Mákùn-Omi. Ẹ sin mí sí ulé bàbá mi."

Mo ní, "Ẹ̀yin àti bàbá ńkọ́?"

"Ilẹ̀ tí ò gba omi," ó ní, "kò lè gba èèyàn."

Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn méjèèjì fi sùn sábẹ́ òrùlé kan náà. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ sọ fún un pé n máa wó ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé n máa fi èékánná mi gbẹ́ ẹ títí màá fi kan iyanrìn. Irọ́ ni, àwa méjèèjì sì mọ̀. Omi ti ń gun àtẹ̀gùn fàráńdà bọ̀. Mo dìde, mo fa àga rẹ̀ sẹ́yìn, kí omi má baà kan ẹsẹ̀ rẹ̀.